Náílọ́ọ̀nù Ara Ọkọ̀ Dádì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta bó náílọ́ọ̀nù àtijọ́ kúrò lára bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Dádì mi, àti ohun tí mo bá nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ní tòkunbọ̀ nílé, kó fara balẹ̀ kà á, torí ó lè wà lára tiyín náà kẹ́ ẹ má mọ̀.

Toyota Corolla 2005 ni ọkọ̀ náà, sílífà. Dádì rà á ní 2012, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé, gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó. Dádì ò tiẹ̀ fi ẹ́ńjìnnì han ẹnikẹ́ni. Iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń mú àwọn èèyàn lọ, wọ́n á ní kí wọ́n fi ìka pa á kí wọ́n lè mọ ìlà kan tó là á já láti apá ọ̀tún dé apá òsì.

"Ẹ rí ìlà yìí? Àwọn òyìnbó ti wọ ẹ̀wù fún un."

Òótọ́ ni, ẹ̀wù ni. Wọ́n ń pè é ní paint protection film. Náílọ́ọ̀nù kan báyìí ni, tó mọ́ gaara, tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ kí òkúta wẹ́wẹ́ má baà ha pẹ́ǹtì tí ọkọ̀ bá ń sáré. Polyurethane ni wọ́n fi ṣe é. Ogun Vietnam ló bí i: àwọn Amẹ́ríkà ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikọ́pítà wọn kí iyanrìn má baà jẹ ẹ́. Ìgbà tó yá ló bọ́ sára mọ́tò. Lára ti Dádì, kò bo gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti etí iwájú sẹ́yìn, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún Dádì ni pé ẹ̀wù yẹn ní ọjọ́ orí. Èyí tó dáa jù, àwọn tó ṣe é kì í sábà fọwọ́ sọ̀yà kọjá ọdún mẹ́wàá. Oòrùn tiwa níbí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn tibẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún yìí, ó ti pọ́n rakọrakọ bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Ní igun apá òsì, kò tiẹ̀ pọ́n mọ́, ó ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Ẹ fi igun apá òsì yẹn sọ́kàn.

Kí ló wá dé tí mo fi fọwọ́ kàn án?

Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ mú Dádì. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. A dúpẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ wíwà ti tán. Ẹni tó ń bá wọn ṣeré ìdárayá fún ẹsẹ̀ náà ń wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà nígbà kọ̀ọ̀kan. Owó oògùn ò sí níbẹ̀ o. Ẹ̀yin náà ẹ mọ owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́. Mọ́mì ló sọ ọ́ níjọ́ kan pé ṣé ọkọ̀ tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yìí ò lè ṣiṣẹ́ kan fún olówó ẹ̀ ni? Dádì ò fèsì fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní, "Ẹ wá oníbàárà."

Oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé, ọkùnrin kan báyìí tó dákẹ́, ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀: "Ṣé fọ́ọ̀sì bódì ni?"

Fún àwọn tí kò tíì ra ọkọ̀ rí: fọ́ọ̀sì bódì túmọ̀ sí pé pẹ́ǹtì tó ti ilé iṣẹ́ wá ló ṣì wà lára ẹ̀, pé pẹ́ńtà kankan ò tíì wọ́n nǹkan sí i. Owó ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, torí ẹni tó bá rí pẹ́ǹtì tuntun á bi ara ẹ̀ pé kí ni wọ́n ń fi pa mọ́.

Mọ́mì ní, "Fọ́ọ̀sì bódì ni jàre, dádì wọn ò jẹ́ kí eṣinṣin bà á."

Ọkùnrin náà nawọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Lapálapá wá ni èyí?"

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ó lóun á san mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún-un-dín-ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, 2.9 ni mo fẹ́ sọ, Dádì nìkan ló lè fi Yorùbá ka owó nílé wa. Ṣùgbọ́n ó ní tí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn bá lè mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kùn ún, tó bá ṣì jẹ́ fọ́ọ̀sì bódì, òun á san 3.4. Ó ní òun á padà wá ní Sátidé.

Mo kọ́kọ́ pe ọ̀gá pẹ́ńtà kan tó wà nítòsí wa. Ó ní kò le, òun á fi sáńpépà gé gbogbo ẹ̀ kúrò, òun á sì kùn ún bí tuntun. Mo ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá ti kùn ún, fọ́ọ̀sì bódì ti kú nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ta ló máa mọ̀?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo bá tirẹ̀ lọ. Gbólóhùn yẹn ṣì ń bọ̀ wá bá mi lálejò, ẹ ó rí i.

Mo wá lọ kàwé nípa ẹ̀ fún odindi alẹ́ kan. Ohun tó yé mi jù nìyí. Gbogbo pẹ́ǹtì tó wà lára ọkọ̀, láti èyí tó kan irin títí dé èyí tó ń dán lókè pátápátá, kò nípọn ju bébà ìwé kan lọ, tàbí kó fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń dán lókè yẹn, tí kò ní àwọ̀, kò tó ìlàjì bébà. Náílọ́ọ̀nù tá a fẹ́ bó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bébà méjì. Ìyẹn ni pé ẹ̀wù nípọn ju ara lọ. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ họ ọ́, tàbí sáńpépà, kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ̀wù ti tán, ẹ ti wọ inú ara.

Ohun tó ń bó o ni ooru. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀ ti gbẹ, ooru ló máa rọ̀ ọ́. Tó bá ti rọ̀, ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kó máa ká padà sórí ara ẹ̀, kẹ́ ẹ má fà á sókè gbọnrangandan. Èyí tẹ́ ẹ bá fà sókè ló máa ń já, òun náà ló máa ń fa nǹkan mìíràn dání.

Ọjọ́ kìíní, mo yá dírayà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe irun. Mo fọ ọkọ̀, mo nu oje máńgòrò kúrò, mo tan dírayà. Bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n mú iná lọ.

Mo gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wa jáde, I-better-pass-my-neighbour. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ nǹkan ti ń rẹ́rìn-ín. Dírayà yẹn ń fa nǹkan bí 1,800 watt, jẹnẹrétọ̀ yẹn ò lè gbé tó ìdajì ẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó kú. Mo fi èékánná gbìyànjú ní tútù, ó ń já wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Títí ìrọ̀lẹ́, ibi tí mo bó ò ju fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ.

Ojú wíńdò ni Dádì jókòó sí ní gbogbo àkókò yìí, wọ́n ń wò mí. Wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọkùnrin yẹn mú un ní iye tó bá mú un. Mo rò pé ẹ̀wù wọn ló ń dùn wọ́n.

Ọjọ́ kejì, mo lo orí. Mo gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò, mo gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan, wákàtí kan. Mo se omi sórí gáàsì, kò hó, àmọ́ ó gbóná dáadáa. Mo ri aṣọ ìnuwọ́ sínú ẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí náílọ́ọ̀nù bí ìgbà téèyàn ń jó ojú ọgbẹ́. Ìṣẹ́jú kan, ó pọ̀ jù méjì. Mo fi káàdì ATM mi tó ti kú ṣí etí ẹ̀, ike ni, kì í ha pẹ́ǹtì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Ó tẹ̀lé mi! Ẹ ò lè mọ adùn ẹ̀. Ibi tó gùn tó ìka méjì, ó dúró. Aṣọ gbígbóná tún lọ síbẹ̀. Ibi tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bára wa rìn láti apá ọ̀tún wá sáàárín. Ibi tó bá ti kúrò, pẹ́ǹtì abẹ́ ẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kúrò ní ilé iṣẹ́. Ní ti ibi tí náílọ́ọ̀nù ò bò, oòrùn ti mu ún tó bẹ́ẹ̀ tó fi jọ pé ọkọ̀ méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀.

Gọ́ọ̀mù wá kù sílẹ̀, tó ń yọ̀ bí omi ilá àná. Aládùúgbò kan tó ń kọjá ní kí n fi tínà nù ún. Ẹ má dán an wò. Tínà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín gọ́ọ̀mù àti pẹ́ǹtì, àwọn méjèèjì ló máa jẹ. Kẹrosíìnì ni mo lò. Mo fi àkísà tó rọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo dúró díẹ̀, mo nù ún láìfi agbára sí i, mo tún un ṣe, lẹ́yìn náà mo fi omi ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti mọ́. Mọ́mì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí." Kò sí nǹkan tí wọ́n tún sọ, ó tó mi.

Ọjọ́ kẹta ló ku igun apá òsì.

Nǹkan tí mo kọ́kọ́ rí ni pé náílọ́ọ̀nù tibẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Tó bá jẹ́ pé mo ti wò ó dáadáa láti ọjọ́ yìí, mi ò bá ti rí i: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ti ibi yòókù máa ń fà bí rọ́bà, èyí ò fà, ńṣe ló ń kán. Ó jọ sítíkà tó mọ́ gaara tí àwọn tó ń kọ lẹ́tà sára dánfó ń tà. Mo rò pé bóyá ó ti ya rí ni, tí Dádì wá lẹ̀ ẹ́.

Mo gbé aṣọ gbígbóná sí i, mo fi káàdì ṣí i, mo fà á, jẹ́jẹ́ bí mo ṣe ń fà á bọ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ló bá wá lẹ́ẹ̀kan náà, pàkà. Mo yí i padà lọ́wọ́ mi. Sílífà ló wà lẹ́yìn ẹ̀.

Pẹ́ǹtì ti bá a wá. Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń retí kí n rí irin. Mi ò rí irin. Nǹkan kan tó pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí bísíkíìtì ni mo rí, tí wọ́n fi sáńpépà dán. Pọ́tì ni. Èyí tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń dí ibi tó bá tẹ̀ wọnú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi jáde. Ní ilé iṣẹ́, inú ààrò ńlá ni wọ́n ti ń yan pẹ́ǹtì ọkọ̀, ní nǹkan bí 140°C, irin àti pẹ́ǹtì á di ọ̀kan. Èyí tí ọ̀gá pẹ́ńtà bá wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà, afẹ́fẹ́ àti oòrùn ló ń gbẹ ẹ́. Kò lè dì mú bíi ti àkọ́kọ́. Tí gọ́ọ̀mù náílọ́ọ̀nù bá wá di pẹ́ǹtì mú ju bí pẹ́ǹtì ṣe di pọ́tì mú lọ, ẹ mọ ibi tó máa yọrí sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kìlọ̀ pé kéèyàn kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ti kun ibẹ̀ rí kó tó fọwọ́ kàn án. Èmi ò wádìí. Fọ́ọ̀sì bódì ni, ṣebí Dádì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo iná iwájú ọkọ̀. Ti ọ̀tún ti ṣú, ó pọ́n. Ti òsì mọ́ jù ú lọ dáadáa. Ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba. Gbogbo ọdún yìí, mi ò rí i rí.

Mo gbójú sókè, Dádì ò sí lójú wíńdò mọ́.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá wọn. Mo mú náílọ́ọ̀nù náà dání, pẹ̀lú pẹ́ǹtì lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, èyí tí wọn kì í ṣe àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá wúwo.

Ọ̀rọ̀ wọn ti ń falẹ̀ báyìí, ó gbà wá lákòókò. 2015 ni, ní alẹ́ Sátidé kan. Èkó ni wọ́n ti ń bọ̀. Nígbà yẹn, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń lọ sí Èkó lọ kọ́ àwọn ọmọ olówó kan ní lẹ́sìnnì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi Mọ́ńdè sí Fúráìdè kọ́ tiwọn n'Íbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn láyé ìgbà yẹn, ẹ rántí bó ṣe rí, wọ́n ń tún un ṣe, ọ̀nà ń yà síbí, ó ń yà sọ́hùn-ún, ògiri kọnkéré kéékèèké wà láàárín. Dádì kọjá Ṣágámù, oorun gbé wọn lọ. Ìṣẹ́jú àáyá ni. Igun òsì ló fara gbá kọnkéré.

"Tí mo bá lọ sápá ọ̀tún ni," wọ́n ní, "tírélà wà níbẹ̀." Wọn ò sọ̀rọ̀ síwájú sí i lórí ìyẹn.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wà lọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà. Wọ́n sọ fún wa nílé pé ọ̀rẹ́ wọn kan l'Ékòó ló ń ṣòkú. Ẹni tó kun ọkọ̀ ló ní kí wọ́n wá sítíkà lẹ̀ ẹ́ kí ìlà yẹn lè pé, kó má baà hàn.

Mo ní, "Dádì, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mọ́mì ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ mọ́."

2015 ni mo wọlé sí yunifásítì. Mo rántí owó ìgbàwọlé yẹn, mo rántí owó ilé gbígbé, mo rántí pé mo bínú lọ́sẹ̀ kan torí pé fóònù tí wọ́n rà fún mi kì í ṣe irú èyí tí mo fẹ́. Mi ò béèrè lọ́wọ́ Dádì kí ni wọ́n ń fi owó Èkó ṣe. Àwọn náà ò sọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò ọkàn mi fún yín bó ṣe rí. Mo fẹ́ pe ọ̀gá pẹ́ńtà. Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kí ló fẹ́ gbà? Àǹtí, ta ló máa mọ̀? Tí ọkùnrin yẹn bá ti ní fọ́ọ̀sì bódì, 3.4. Tí mo bá fi han an, mi ò mọ iye tó máa pè. Mo tiẹ̀ ti wá nọ́ńbà ọ̀gá náà jáde lórí fóònù.

Dádì ní, "Sọ fún un."

Mo ní, "Dádì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹni yẹn ń wá o. Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún."

Wọ́n dákẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣírò, olùkọ́ ò lè ṣe kó má ṣírò. Wọ́n ní, "Tó bá yọ ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni." Lẹ́yìn náà: "Èmi ni mo parọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi gbé e. Sọ fún un."

Mi ò kun nǹkan kan. Mo fi kọ́ńpáhùn ra ibi tí kò ní náílọ́ọ̀nù títí ó fi sún mọ́ ibi tó ń dán, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ìlà yẹn ò parẹ́ tán, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ ó rí i.

Ọkùnrin náà dé ní Sátidé lóòótọ́. Mo mú un lọ tààrà síbi pọ́tì, mo sọ gbogbo ẹ̀, láti Ṣágámù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ibẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo abẹ́ ẹ̀, ó dùbúlẹ̀ wo férémù ọkọ̀. Férémù ò yà. Ó ní 3.1. Ó tó ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún gẹ́ẹ́ tó yọ, bí Dádì ṣe ṣírò ẹ̀. Mọ́mì gbà.

Ó gbé ọkọ̀ lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Dádì wà lójú wíńdò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wà ní ìdáná pẹ̀lú Mọ́mì. Mo ń wá bí mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bá Dádì jà lórí ọ̀rọ̀ náà, torí wọ́n ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu mi nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún oníbàárà. Wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́. Wọn ò wojú mi.

"Ta ló sọ fún yín pé mi ò mọ̀?"

Mo ní, "Mà?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ bọ̀ ní Mọ́ńdè yẹn, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo fọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ ò sì bi wọ́n?"

"Tí mo bá bi í, ṣé á dúró sílé ni?" Wọ́n gbọn omi ẹ̀fọ́ dànù. "Gbogbo Sátidé ni mo ń jókòó sórí àga yẹn títí màá fi gbọ́ ọkọ̀ ẹ̀ ní gẹ́ẹ̀tì. Bá mi mú iyọ̀ wá."

Náílọ́ọ̀nù náà ṣì wà nínú báàgì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bi Dádì bóyá kí n dà á nù. Wọ́n ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná.